ǸJẸ́ Ó TỌ́ KÍ A MÁA RETÍ ÒJÒ NÍGBÀ TÍ ỌYẸ́ Ń FẸ́?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

 

Wọ́n ní kí Akọ̀wé kọ nǹkan sínú ìwé yìí, yàtọ̀ sí ìròyìn ìjọ àti ìṣirò owó tí a máa ń kà fún yín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn wa tipẹ́, òun náà ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀tan Ayégbajú mọ bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe wá ní ìlú olókè yìí. Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, atẹ́gùn gbígbẹ á máa fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, á ru eruku dání, títí tí a kò fi ní rí àwọn òkè tó yí wa ká láàárọ̀. Ètè á bó, gìgísẹ̀ á sán, àwọn ọmọ á fi òrí para tán, ara wọn á tún funfun.

Ní àárọ̀ Sátidé kan báyìí, a jókòó sínú ilé, a fi kúbùsù bora, a ń mu ògì gbígbóná, a ń fi àkàrà jẹ ẹ́. Iná ń jó nínú ààrò. Ká sọ tòótọ́, ó dùn mọ́ wa. Síbẹ̀, ojú fèrèsé la kọjú sí, à ń wo ọgbà kékeré ẹ̀yìn ilé tó ti gbẹ. Ọkàn wa ń sọ pé: Ìgbà wo ni àkọ́rọ̀ òjò yóò rọ̀? Ìgbà wo ni ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ilá yóò tún hù, tí àgbàdo tútù yóò dé?

Ibẹ̀ ni ẹ̀rí ọkàn ti bi wá léèrè pé: Ìwọ yìí, tí Ọlọ́run fún ní ilé, iná àti oúnjẹ, tí ọkàn rẹ kò sí níbi tí ara rẹ wà, ṣé kì í ṣe àìmoore nìyẹn?

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń ròyìn tiwọn fún wa. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ níbẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọjọ́ tí òjò dídì bá bo ilẹ̀, wọn á ti ìlẹ̀kùn, wọn á mu tíì gbígbóná, wọn á máa ro ohun tí wọn yóò gbìn sínú ọgbà nígbà tí ooru bá dé. Ohun tó bo ilẹ̀ tiwọn funfun, tiwa jẹ́ eruku, ṣùgbọ́n ọkàn kan náà ni.

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Wọn á ní ọmọ aráyé kò ṣe é tẹ́ lọ́rùn: lójò, ẹrẹ̀ pọ̀ jù, lẹ́ẹ̀rùn, eruku pọ̀ jù. Wọn á tún rán wa létí ìwé Númérì, orí 11, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń jẹ mánà lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń sunkún nítorí apálà, àlùbọ́sà àti aáyù ilẹ̀ Íjíbítì. Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ ọgbà náà ni! Inú Ọlọ́run kò sì dùn sí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ẹ̀yìn ni àwọn yẹn ń wò, sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹrú, wọ́n sì ń kẹ́gàn ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń retí òjò nínú ọyẹ́, iwájú ni ó ń wò. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, orí 8, Ọlọ́run ti ṣe ìlérí lẹ́yìn ìkún omi pé ìgbà gbígbìn àti ìgbà kíkórè, òtútù àti ooru, kò ní dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ìlérí Ọlọ́run ni ẹni tó ń retí òjò gbé ọkàn lé. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Níbo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń wọlé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ nǹkan kan lójú ìjọ.

Kí ó tó di Sátidé tí a sọ yẹn, ìyá àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa, opó ni, ti bẹ̀ wá pé kí a bá òun kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, kí wọ́n ṣán igbó etí oko òun yípo, kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ Akọ̀wé ni kí ó kọ orúkọ wọn, kí ó sì kéde rẹ̀ nínú ìsìn. A ní kí ọyẹ́ rọlẹ̀ díẹ̀ ná. A kì í fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré lásìkò yìí. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1983, oko kòkó púpọ̀ ni iná jó ní ilẹ̀ Gánà. A mọ̀ ọ́n, a sì jókòó.

Sátidé yẹn náà ni iná wọ oko ìyá. Ó jó ibi tí wọ́n to èbù iṣu wọn sí kanlẹ̀. Bí a ṣe ń fi ojú inú wo ewédú tiwa, bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn ẹlòmíràn ń di eérú.

Nígbà tí a lọ kí wọn, wọn kò bú wa. Wọ́n kàn ní, “Akọ̀wé, ẹ má dà á láàmú. Òtútù náà pọ̀.” Ẹ̀yin ará, èébú ìbá sàn fún wa. A dá èbù jọ fún wọn láàárín ìjọ, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ohun tó jó. Nígbà tí òjò dé lóòótọ́, ó bá wa pẹ̀lú irúgbìn lọ́wọ́. Ó bá ìyá pẹ̀lú ebè tí kò ní èbù.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ìrètí kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wa, ìgbádùn ẹ̀gbẹ́ iná náà kọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé a fi ìrètí rọ́pò iṣẹ́. Ọyẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìgbà náà ni gbódó ń gbẹ dáadáa lórí àpáta fún èlùbọ́, ìgbà náà ni omi kànga ń fà tí a fi lè gbẹ́ ẹ jìn sí i, ìgbà náà ni a ń tún òrùlé ṣe. Kódà ní ilẹ̀ òjò dídì, igi ápù tí kò bá rí òtútù tó kì í yọ òdòdó dáadáa. Àsìkò tí à ń fẹ́ kí ó kọjá ni ó ń pèsè èyí tí à ń retí.

Àwọn baba àti ìyá wa nínú ìgbàgbọ́ Aládùúrà mọ èyí. Nígbà tí àrùn lùkúlùkú ń pa ènìyàn ní 1918, àwọn díẹ̀ péjọ fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀kan nínú wọn ni Sophia Odúnlámì, olùkọ́ ilé-ìwé, tó kéde pé kí àwọn aláìsàn fi omi òjò pẹ̀lú àdúrà wá ìwòsàn. Wọ́n retí ọjọ́ tó dára, ṣùgbọ́n orí eékún ni wọ́n wà. Àdúrà wà lẹ́nu, iṣẹ́ sì wà fún ọwọ́ náà: ẹni tó ń retí omi òjò ní láti gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀, ẹ yáná, ẹ mu ògì yín, ẹ dúpẹ́, ẹ sì máa retí òjò. Ṣùgbọ́n kí kúbùsù tó wọni lára, ẹ béèrè pé: ta ló bẹ̀ wá níṣẹ́ tí a kò tíì jẹ́? Oko ta ni iná lè wọ̀?

Kí Ọlọ́run Aládùúrà fún wa ní òjò ìbùkún lásìkò rẹ̀, kí ó má bá ọwọ́ wa lófo, kí ó má sì bá ti aládùúgbò wa lófo. Àmín.