Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017, ní ìlú kan tí à ń pè ní Half Moon Bay ní etí òkun ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin elégédé àti onírúurú ẹ̀fọ́ dé ẹ̀gbẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ó wà níbẹ̀, ẹyẹ òkun kan fara hàn tí ẹnikẹ́ni kò fi ojú sọ́nà fún. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ẹyẹ òkun Ross, nítorí pé James Clark Ross, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yìnbọn pa ọ̀kan ní ìhà àríwá Kánádà ní 1823, nígbà tí ayé ìwé kò tíì gbọ́ ohunkóhun nípa irú rẹ̀. Ẹyẹ náà kò tóbi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ìrù rẹ̀ ṣe ṣónṣó láàárín, àyà rẹ̀ a sì máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ara ọmọ tuntun tí a fi osùn kùn tí a sì ti nù. Ilẹ̀ tí ó ti ń yé ẹyin, ní ẹnu odò Kolyma ní Síbéríà, kò di mímọ̀ fún àwọn onímọ̀ títí di 1905 tí Sergei Buturlin ará Rọ́ṣíà fi dé ibẹ̀. Kí ó tó yọ sí Half Moon Bay, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ti rí irú rẹ̀ ní gbogbo Kalifọ́níà, ní 2006, ní adágún Salton.

Bí ìròyìn náà ti tàn ni àwọn tí wọ́n fẹ́ràn wíwo ẹyẹ gbéra, tàwọn ti awò tí í fa ohun òkèèrè súnmọ́ ojú, wọ́n sì dúró sí etí pápá. Kò pẹ́ kò jìnnà, níṣojú àwọn tí wọ́n wá wò ó, àṣá méjì dáwọ́ jọ lé e, wọ́n mú un, wọ́n sì pa á. Èmi kò ní bá àṣá wíjọ́. Ẹran ni oúnjẹ rẹ̀, Ẹlẹ́dàá tí ó fún ẹyẹ òkun ní ìyẹ́ náà ni ó fún àṣá ní èékánná. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ni ó gbà mí ní ọkàn. Ẹni tí ó dé kí àṣá tó dé, àti ẹni tí ó dé nígbà tí àṣá ti lọ, kí ni ọ̀kan ní tí èkejì kò ní? Nígbà tí kò sì sí èyí tí ó lè fi ẹyẹ náà han ẹnì kẹta mọ́, orí kí ni ẹnì kẹta yóò fi ìdí rẹ̀ lé bí ó bá ní òun gbà?

Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà, wọn kò sì sọ ọ́ láti fi pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì jókòó pẹ́, wọ́n sì tẹ ìwé kan jáde ní 1986 nípa ohun tí àwọn àgbà náà là yé wọn: pé ohun tí ènìyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, òun ni ó lè pè ní ìmọ̀, èyí tí ó bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ì báà ṣe olùkọ́, ì báà ṣe ìwé, ìgbàgbọ́ ni, títí di ọjọ́ tí a bá dán an wò. Bí a bá gbé àwa akọ̀wé lé òṣùwọ̀n yìí, ohun tí a fi ń yangàn yóò fúyẹ́ púpọ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ Kolyma yìí, ta ni ó mú mi débẹ̀?

Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń wá ẹyẹ òkun nínú oko lè rò pé eré ọmọdé ni. Nígbà tí katakata bá ń túlẹ̀ ní ìgbà òtútù, tí ekòló sì ń yọ sókè, ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹyẹ òkun ni yóò máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ní àfonífojì Imperial tí ó wà lẹ́bàá adágún Salton, nígbà tí wọ́n bá ṣí omi sínú oko tí àwọn kòkòrò sì ń sá àsálà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń bò ó. Láàárín ogunlọ́gọ̀ yìí ni ẹni tí ń wá ẹyọ kan yóò ti máa wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ ẹsẹ̀, gígùn ẹnu, dúdú etí ìyẹ́, bí ìrù ti rí. Èyí tí ó tóbi nínú wọn a máa lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí ó tó gbé aṣọ àgbà wọ̀, ó sì ń pààrọ̀ aṣọ lọ́dọọdún kí ó tó dé ibẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ẹyẹ tí a ń rí lójoojúmọ́ fi lè gbé ìrísí àjèjì wọ̀ lójú ẹni tí kò fara balẹ̀. Nígbà tí ó bá sì kù díẹ̀ kí iye pé, ajá kan yóò gbó, gbogbo wọn yóò gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kìn-ín-ní. Àgbẹ̀ tí ó ni oko dúró lókèèrè, ó ń wo àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kó ojú sínú awò láti òwúrọ̀, ó sì ń ṣe kàyéfì bóyá ara wọn le.

Àwa náà ní ẹyẹ tí ń tọ màlúù àti katakata lẹ́yìn: lékeléke, aláṣọ funfun bí àwọn ọmọ Ọbàtálá, tí àwọn ọmọdé ń na èékánná sí pé kí ó bu funfun fún wọn. Ta ni í dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ nítorí lékeléke? Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí a kò kà sí yìí la òkun ńlá kọjá láti Áfíríkà láìsí ẹni tí ó gbé e, ó dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó ń ti ibẹ̀ gòkè lọ, nígbà tí ó sì di oṣù Igbe ọdún 1952, ọ̀kan yọ sí oko ní Wayland, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Àwọn tí wọ́n rí i kì í ṣe òpè. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí. Síbẹ̀ wọ́n yìnbọn pa á, nítorí pé ohun tí a kò rí irú rẹ̀ rí lágbègbè náà, òkú rẹ̀ ni ẹ̀rí tí kò ní àríyànjiyàn. Lónìí, lékeléke ti bí sí i, ó ti rẹ̀ sí i ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tí ń wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí a kò ti wò ó nílé.

Ìbọn ni ó ń jẹ́rìí láyé àtijọ́, ẹni tí kò bá sì rí òkú gbé wálé, asán ni ó rò. Nansen ará Norway, nígbà tí yìnyín há ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ àárín òkun àríwá ní 1894, yìnbọn pa àwọn ọmọ ẹyẹ òkun Ross, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé ó jẹ oyè. Ti Raymond Newcomb ni ó wọ̀ mí lára jù, onímọ̀ ẹ̀dá tí ó bá ọkọ̀ Jeannette lọ wá òpin ayé ní àríwá. Yìnyín fọ́ ọkọ̀ náà ní 1881. Ènìyàn 33 ni ó wà nínú rẹ̀, 13 péré ni ó là á já. Nínú ìrìn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín, tí wọ́n ń ju ẹrù nù láti lè gbé oúnjẹ, ọkùnrin yìí fi awọ ẹyẹ òkun Ross mẹ́ta pamọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó sì gbé wọn délé. Ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan.

A lè rò pé òkú kì í purọ́. Ní etí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè ìlú Hastings, láti nǹkan bí 1892 títí dé 1930, òkú ẹyẹ àjèjì ń rọ́ wọlé ṣáá. Àwọn tí a kò rí rí ní gbogbo erékùṣù náà ni a ń sọ pé a pa níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíki òkú ẹyẹ fún títà. Àwọn olówó ra wọ́n, àwọn ọ̀mọ̀wé kọ wọ́n sínú ìwé. Àyà ẹyẹ jẹ́ àyà ẹyẹ, ìyẹ́ jẹ́ ìyẹ́. Ṣùgbọ́n òkú kò lè sọ ìlú tí ó ti kú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá: ní 1962, àwọn àgbà nínú ìmọ̀ ẹyẹ fi ìṣirò hàn pé iye ẹyẹ àjèjì tí a ní ó bọ́ sí ilẹ̀ kékeré yẹn kọjá ohun tí ọpọlọ lè gbà, wọ́n sì yọ irú ẹyẹ àti ẹ̀yà ẹyẹ 29 kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn ẹyẹ ilẹ̀ náà.

Nígbà tí irú àwọn Ludlow Griscom ní Amẹ́ríkà ti wá fi hàn pé ẹni tí ó bá kọ́ ojú rẹ̀ dáadáa lè fi awò nìkan mọ ẹyẹ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹrù tí ìbọn ti ń gbé bọ́ sí ẹ̀yìn ènìyàn. Ẹyẹ fò lọ láàyè, ọpẹ́ ni fún Olódùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ kárí ayé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìmọ̀ ẹyẹ ti di ọ̀ràn ìwà. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1959 láti máa yẹ ìròyìn àwọn ẹyẹ ọ̀wọ́n wò: kí ni o rí, ní ibo, báwo ni ìmọ́lẹ̀ ti rí, ta ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ, kí ni o ti sọ fún wa rí? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ìyá gbogbo wọn. Fọ́tò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nísinsìnyí, kò sì burú, àmọ́ a lè ya fọ́tò ní ìlú kan kí a sì sọ pé ìlú mìíràn ni.

Àwọn Mùsùlùmí ilé wa yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Àwọn tí wọ́n kó hadíìsì Ànábì jọ, irú Imáámù Bukhari tí ó kú ní 870, kò gba ọ̀rọ̀ kan láìmọ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ta ni, àti ẹni tí onítọ̀hún náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ ńlá kan sì dìde láàárín wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ìgbésí ayé àwọn olùròyìn wò, bóyá wọ́n ń gbàgbé, bóyá wọ́n ń fi kún ọ̀rọ̀, bóyá wọ́n tilẹ̀ pàdé ara wọn rí. Bí ẹnì kan nínú okùn náà bá jẹ́ èké, ọ̀rọ̀ dídùn kò gbà á là. Ọ̀rúnmìlà pàápàá, ẹlẹ́rìí ìpín, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí olúkúlùkù ń yan orí. Èmi tí a tọ́ ní ọ̀nà àwọn onígbàgbọ́, mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ tí ó bá Tọ́másì wí pé ó fẹ́ fi ọwọ́ kan ojú ọgbẹ́, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí: ọmọ ẹ̀yìn mẹ́wàá tí ó ti bá jẹ tí ó ti bá mu ni ó sọ fún un pé àwọn rí Olúwa. Bí ó bá ní ẹ̀sùn kan, ó jẹ́ pé ó mọ ìwà àwọn mẹ́wàá náà, síbẹ̀ ó ka ẹ̀rí wọn sí òfo.

Irọ́ pípa kò tilẹ̀ ni ewu tí ó tóbi jù nínú oko. Ẹni tí ó ti wakọ̀ láti òru mọ́jú, tí ó ti ná owó epo, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí ẹyẹ náà lánàá, ojú rẹ̀ ti ní ohun tí ó fẹ́ rí kí ó tó gbé awò sókè. Kò ní í purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òjìji ìyẹ́ ni yóò purọ́ fún un, òun náà yóò sì gbà á tọkàntọkàn. Nítorí náà ni mo ṣe ka ẹni tí ó dúró nínú òtútù títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí i, sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣọ̀wọ́n jù nínú ọ̀ràn yìí. Lọ́jọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun rí i, kí a kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn kan ṣì ń bínú sí ìdájọ́ ọdún 1962, wọ́n ní ó dájú pé òótọ́ wà láàárín irọ́ Hastings, pé a fi ìyà aṣebi jẹ aláìṣẹ̀. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ náà sì tọ́ síbẹ̀síbẹ̀: ibi tí a kò bá ti lè ya òótọ́ sọ́tọ̀ mọ́, ẹni tí ó da irọ́ pọ̀ mọ́ ọn ni ó ba òótọ́ jẹ́, kì í ṣe adájọ́. Àwọn ẹyẹ náà kò pàdánù ohunkóhun. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti tún padà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà náà, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ṣeé gbà rí wọn, a sì ti dá orúkọ wọn padà sínú ìwé.