Ẹ KÚ EWU ỌMỌ: ÌKÍNI TÍ Ó PẸ́ LẸ́NU WA

Ẹsẹ ẹ̀kọ́: Ẹ́kísódù 2:1-10, Jòhánù 9:1-7

Ní ọdọọdún, ojú ewé yìí ni a fi ń ka oore: ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó kọ́lé, ẹni tí ó ríṣẹ́. Ti ọdún yìí, ọ̀ràn ọmọ kan ṣoṣo ni a fẹ́ bá yín sọ. A ó sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a ṣe níbẹ̀ ni ó buyì fún wa.

Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa ni wọ́n ti bí i, ní òru ọjọ́ Ẹtì kan. Ọmọ ké dáadáa, ara ìyá le, a lu agogo, a kọrin ọpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí Ìyá Àgbẹ̀bí ń wẹ ọmọ, ó rí i pé kò sí ihò ní ìdí rẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí ó là, awọ ni ó bò ó. Ó dákẹ́, ó fi aṣọ wé ọmọ, ó sì lọ pe àwọn àgbà.

Ohun tí a ṣe nìyí. A tan àbẹ́là méje, a gba àwẹ̀, a gbé ọmọ sí iwájú pẹpẹ, a sì gbàdúrà láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta títí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi mọ́. Àdúrà kò burú, ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Àmọ́ ní gbogbo àkókò yẹn, ikùn ọmọ ń le bí ìlù, ó sì ń bì, èébì rẹ̀ dà bí omi ewé. A ní ìgbàgbọ́ ni ó mú wa jókòó. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ìtìjú wà nínú rẹ̀. A kò fẹ́ kí àdúgbò gbọ́ pé ọmọ tí a bí lábẹ́ òrùlé aládùúrà ní àléébù.

Ìyá Àgbẹ̀bí ni ó dìde láàárín agbo àdúrà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Wòlíì, ẹ dákun, ẹ máa gbàdúrà náà lọ. Èmi ń gbé ọmọ yìí lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ máa gbà á tẹ̀ lé mi." Kò dúró gbọ́ èsì. Mama yìí kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ, àwa tí a ka jù bẹ́ẹ̀ ni a jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá Mósè. Nígbà tí kò lè fi ọmọ pamọ́ mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò gbé e ka orí omi lásán kí ó ní Ọlọ́run yóò ṣe é. Ó wá agbọ̀n eèsún, ó fi ọ̀dà rẹ́ ẹ kí omi má bàa wọlé, ó yan ibi tí yóò gbé e sí, ó sì fi ẹ̀gbọ́n ọmọ ṣọ́ ọ. Nínú Hébérù 11:23, ìgbàgbọ́ ni Ìwé Mímọ́ ka ohun tí àwọn òbí Mósè ṣe sí. Ọ̀dà dúdú tí ó kùn mọ́ obìnrin náà lọ́wọ́, kò ta ko ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ta ni ọmọ náà sì bọ́ sí? Ọmọbìnrin Fáráò ni, ẹni tí kì í ṣe ara ìjọ wọn. Mùsùlùmí ni dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tiwa. Kí ó tó wọ tíátà, ó yíjú sí wa nínú sùtánà wa, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá mi ṣe àdúà." A sì ṣe é.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àwọn bàbá wa kò ṣe báyìí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 dé, tí àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti gbàdúrà, ilé ìwòsàn kò tó nǹkan, èyí tí ó wà kò sì lè dá àrùn náà dúró. Láti ibẹ̀ dé ìgbà tí Mósè Orímọládé àti Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Séráfù ní Èkó ní 1925, àti ìsọjí Ilẹ́ṣà ní 1930, àwọn mìíràn nínú wọn kọ oògùn pátápátá. A kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bí irú ọmọ yìí sí wọn lọ́wọ́ nígbà náà, ibo ni wọn ì bá gbé e lọ? Àwa ní ibi tí a lè gbé e lọ, a sì jókòó.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ọmọ kan nínú nǹkan bí 5,000 ni a ń bí báyìí. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nímú láti fa ohun tí ó wà nínú ikùn rẹ̀, wọ́n fún un ní dírípù, wọ́n yẹ ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ wò, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ní àìpé mìíràn nínú ara. Lẹ́yìn náà wọ́n la ojú kékeré sí ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn rẹ̀, wọ́n fa ìfun síbẹ̀ kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ìyẹn ni iṣẹ́ abẹ kìn-ín-ní. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, wọn yóò ṣí ojú ìdí fún un, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí Dókítà Peña àti Dókítà deVries kọ jáde ní 1982. Ẹ̀kẹta ni wọn yóò fi dí ojú ti ikùn.

A wá kàn án. Inú àpótí gílàsì tí ń mú ọmọ gbóná ni wọ́n tẹ́ ẹ sí ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, okùn níhìn-ín, okùn lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ dúró lókèèrè bíi Míríámù létí odò, ó ń fún ọmú sínú ife fún ọmọ tí kò tíì lè mu ún. Ní ilé, ẹnu ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tí ó lóyún. Wọ́n ní kí a bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣe ní ìgbà ọ̀dọ́. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jésù nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, bóyá òun ni ó ṣẹ̀ tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Kò tún dúró bá wọn jiyàn, ó po amọ̀, ó fi pa ojú rẹ̀, ó rán an lọ wẹ̀ ní Sílóámù. Àwọn dókítà ní oṣù méjì àkọ́kọ́ oyún ni ibi yìí máa ń là nínú ọmọ, nígbà tí obìnrin mìíràn kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé òun lóyún.

Èyí tí ó dùn wá jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí ó sọ̀rọ̀. Ti àwa tí a dákẹ́ ni. Odindi ọjọ́ mẹ́fà, kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó sọ fún obìnrin yìí pé "Ẹ kú ewu ọmọ." A ń bẹ̀ ẹ́ wò, a ń gbé oúnjẹ lọ, a ń wí pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, Olúwa yóò ṣe é," bí ẹni lọ sí ilé ọ̀fọ̀. A rò pé kí ọmọ kọ́kọ́ yè ná. Ní ọjọ́ keje, ó wo ojú Ìyá Ìjọ, ó ní, "Màmá, ṣé mi ò bímọ ni?"

Ìyá Ìjọ bú sẹ́kún. Nígbà tí ó dé ilé tí ó ròyìn fún wa, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a lọ sọ ọmọ lórúkọ níbẹ̀. Ènìyàn méjì péré ni wọ́n gbà wọlé pẹ̀lú àwọn òbí, àwọn yòókù dúró lábẹ́ igi nítòsí géètì, wọn kò lu agogo. Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ wa, ó ní bàtà wa dà? Ó fún wa ní sálúbàtà tiwọn, a wọ̀ ọ́ mọ́ sùtánà, Ọlọ́run yóò forí jì wá. Kò sí àbẹ́là, nítorí ọ́síjìn. Oyin kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ. Wọ́n tilẹ̀ ní kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá, àní ní ilé. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ igi, àwa ni a tọ́ ọ wò fún un. A fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, bàbá rẹ̀ sì pe orúkọ náà sí i láti ojú ihò ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ọmọ mi ẹsẹ̀. Ìyá Ìjọ wá kúnlẹ̀ fún ọmọ tí ó bí lọ́mọ, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o."

Nígbà tí ara rẹ̀ gbà á, wọ́n ní kí ìyá máa tẹ́ ọmọ sí àyà, ara kan ara, aṣọ bò wọ́n. Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí àpótí kò kárí ọmọ. Ṣebí àwọn ìyá wa ti ń pọ̀nmọ́ tipẹ́, iwájú ni wọ́n pọ̀n èyí sí.

Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ ní ilé ìgbẹ̀bí, ẹ gba èyí lọ sílé. Kí a wo ìdí ọmọ ní kété tí a bá bí i. Ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ yẹ kí ó jáde kí ọjọ́ kan tó pé. Bí kò bá jáde, bí ikùn bá ń wú, bí èébì bá ní àwọ̀ ewé, ẹ gbé e lọ ní wàrà-wàrà, láyà ìyá rẹ̀ kí òtútù má mú un. Ẹ má fi omi tàbí òróró sí i lẹ́nu. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi abẹ tàbí ìka gbìyànjú láti la ibẹ̀.

Ọmọ náà ti pé oṣù márùn-ún báyìí. Iṣẹ́ abẹ kejì ń bọ̀ lẹ́yìn àyájọ́ yìí, owó rẹ̀ kò sì tíì pé. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ìyá Ìjọ. Àpò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ikùn náà wọ́n, nítorí náà aṣọ mímọ́ ni ìyá ń lò, tí ó ń fi fasilíìnì pa awọ ibẹ̀ kí ó má bàa bó. Ẹni tí ó bá ní aṣọ òwú rírọ̀ tí ó ti gbó, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sá a, kí ó kó o fún Ìyá Àgbẹ̀bí. Ní ọjọ́ Àìkú, ìlà kejì láti ẹ̀yìn lápá obìnrin ni ìyá ọmọ máa ń jókòó sí, nítorí kí ó lè tètè jáde lọ pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀yin àlejò wa, bí ẹ bá rí i, ẹ mọ bí ẹ ó ṣe kí i.

Akọ̀wé Ìjọ, ní orúkọ gbogbo ìjọ.