Ta Ni Ìrìn-àjò Ń Sọ Di Oníṣẹ́-ọnà?

Olùkọ́ wa kan sọ pé oníṣẹ́-ọnà tí kò bá rìnrìn-àjò, ojú kan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀. Mo máa ń ya àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni láti Òkèhò, n kò tíì rìn kọjá Ìbàdàn.

Mo wá ronú kan Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1915. Ó ti jẹ́ ayàwòrán kí òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, tó dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1950. Ká ní ó kàn wòran, tó ya fọ́tò, tó sì padà sílé ni, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n lónìí? Ikọ́ ife dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó tọ àwọn olórìṣà lọ ní Ẹdẹ kí wọ́n kọ́ òun. Ó kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ pẹ̀lú. Òṣogbo ló wà títí ó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009. Lójú tèmi, dídúró ló yí iṣẹ́ rẹ̀ padà ju rírìn lọ.

Adébísí Àkànjí ńkọ́? Bíríkìlà ni ní Òṣogbo. Sìmẹ́ǹtì tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló gbé wọ igbó Ọ̀ṣun, tó fi ń mọ ère àti ògiri. Ẹlòmíràn ló rin ìrìn náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èso rẹ̀ já sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ní ọdún 2005, UNESCO ka igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Síbẹ̀, orúkọ Àdùnní nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. N kò sọ pé ẹ̀bi rẹ̀ ni o, nítorí òun náà ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tó rìnrìn-àjò jẹ àwọn tó bá nílé ní gbèsè, ó kéré tán kí ó dárúkọ wọn.

Nígbà tí mo lọ sí Ìṣẹ́yìn, mo ya bàbá kan tó ń hun aṣọ òkè. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, “Ọmọ mi, orúkọ ta lo kọ sábẹ́ rẹ̀ yìí?”

Tèmi nìkan ni mo kọ.