Ǹjẹ́ Ìfàsẹ́yìn Ni Kí Ènìyàn Fi Kẹ̀kẹ́ Oníṣọ́ọ̀kì Méjì Pààrọ̀ Oníṣọ́ọ̀kì Kan?

Ìbéèrè tí a gbé wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ohun tí ó tó ènìyàn ni, àti ọ̀rọ̀ òtítọ́ tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ.

Ìbéèrè náà nìyí: bí ẹnì kan bá ní kẹ̀kẹ́ agunkè tí ó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn, tí kẹ̀kẹ́ náà wá gbó, tí onítọ̀hún sì fẹ́ ra òmíràn, ǹjẹ́ ó bójú mu kí ó ra èyí tí ó jẹ́ pé iwájú nìkan ni ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ wà? Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ yìí nílùú òyìnbó ń pe irú rẹ̀ ní hardtail, èyí ni pé ìdí rẹ̀ le, kò sí ohun tí ń rọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Bí ó bá rà á, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè bi í pé, "Ṣé agbára rẹ kò ká èyí tí o ní tẹ́lẹ̀ mọ́ ni?" Láyé tí a wà yìí, ẹni tí ó ní méjì lánàá tí ó wá ní ẹyọ kan lónìí, ojú ẹni tí nǹkan bàjẹ́ fún ni wọ́n fi ń wò ó.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé ẹni tí ó bá mú kékeré ni olóòótọ́, tí ẹni tí ó mú ńlá sì jẹ́ onífáàrí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò létòlétò.

IBI TÍ KẸ̀KẸ́ AGUNKÈ TI ṢẸ̀ WÁ

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè Marin, ní ìpínlẹ̀ California nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje tí a mọ̀ sí Repack, nítòsí ìlú Fairfax. Ọ̀nà eléruku tí ó gùn tó máìlì 2 ó lé díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,300. Ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn, kò sì ní ṣọ́ọ̀kì rárá. Bíréèkì rẹ̀ wà nínú wíìlì ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ tán, ooru á ti sun gírísì inú rẹ̀ di èéfín, wọ́n á ní láti tún gírísì tuntun kó sí i. Ibẹ̀ ni orúkọ ìdíje náà ti wá.

Ní 1977, Joe Breeze, ọ̀kan nínú wọn, ṣe kẹ̀kẹ́ tí a dìídì ṣe fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní 1989 ni fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kì ti RockShox jáde; láàárín àwọn ọdún 1990 sì ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Nígbà tí eré yìí wọ Olympic ní Atlanta ní 1996, Bart Brentjens ará Netherlands ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí ó gba góòlù, kẹ̀kẹ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn ni ó sì gùn. Ní 2012, nígbà tí Olympic wáyé ní London, Jaroslav Kulhavý ará Czech fi oníṣọ́ọ̀kì méjì gba góòlù ọkùnrin.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kì í ṣe ẹ̀tàn. Bí ọ̀nà ṣe ń le sí i ni wọ́n ń wá ohun tí yóò gbà á. Ó sì kọ́ wa pé àwọn tí ó mọ eré náà jù láyé gun oníṣọ́ọ̀kì kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtìjú kò sì bá wọn. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà ni wọ́n fi ń yan kẹ̀kẹ́.

ÈRÈ RẸ̀ ÀTI OWÓ TÍ Ó Ń JẸ

Bí táyà ẹ̀yìn bá kọ lu òkúta tàbí gbòǹgbò igi, ṣọ́ọ̀kì yóò fún pọ̀, wíìlì á gòkè, á sì tún padà sílẹ̀ láìgbé ẹni tí ó jókòó sọ sókè. Èyí ń jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú, ó sì ń dín ìnira ẹ̀yìn àti orúnkún kù. Ẹni tí ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta mọ iyì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kí wíìlì ẹ̀yìn tó lè máa lọ sókè sódò, wọ́n ní láti gé ara kẹ̀kẹ́ sí oríkèé oríkèé, wọ́n sì fi bíárín kéékèèké sínú oríkèé kọ̀ọ̀kan. Omi ẹrẹ̀ ń wọ inú bíárín wọ̀nyí, wọ́n á dípẹtà, kẹ̀kẹ́ á sì máa ké bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó. Ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì nínú, ó sì ní rọ́bà tí kì í jẹ́ kí wọ́n jò. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe é kọ ọ́ sínú ìwé ìlò pé kí a tú ibi afẹ́fẹ́ rẹ̀ fọ̀ lẹ́yìn gbogbo wákàtí 50 tí a bá fi gùn ún. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní wákàtí 5 lọ́sẹ̀ yóò dé ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 10. Ó tún máa ń wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá sì fi iye owó kan náà ra méjèèjì, oníṣọ́ọ̀kì kan ni ó sábà máa ń ní bíréèkì àti fọ́ọ̀kì tí ó dára jù, nítorí pé owó tí wọ́n ìbá ná sí ẹ̀yìn, ibòmíràn ni wọ́n ná an sí.

Oníṣọ́ọ̀kì kan náà ní ìyà tirẹ̀. Òkúta tí ìkejì rẹ̀ gbé mì, èyí á sọ fún ẹni tí ó gùn ún pé òkúta wà níbẹ̀. Onítọ̀hún á ní láti dìde dúró lórí pẹ́dà, kí ó tẹ orúnkún díẹ̀, kí ó fi ojú wá ibi tí ó dán jù. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò di ṣọ́ọ̀kì.

ÀPẸẸRẸ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ Yorùbá kan tí ń gbé ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òkè Peak District kò jìnnà sí i. Nígbà tí ó ra kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì méjì, kò tíì gbéyàwó, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni ó sì ń lọ sórí àpáta. Lónìí, ó ti bí ọmọ méjì. Bóyá ni ó fi ń dé orí àpáta lẹ́ẹ̀kan lóṣù; ní ọjọ́ tí ó kù, ọ̀nà inú igbó tí ó tẹ́jú àti ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni ó ń gbà. Ẹrẹ̀ ìgbà òtútù ti jẹ bíárín rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti ń jò. Kí ni kí ó rà? A rò pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀.

Èkínní: ọ̀nà wo ni mo ń gbà ní tòótọ́? Kì í ṣe ọ̀nà tí ó wù ú kí àwọn ènìyàn máa rí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ra nǹkan fún ẹni tí a jẹ́. Ẹni tí a ń rò pé a ó dà ni a ń rà á fún. Ẹnì kan lè wá jiyàn pé, "Ṣé ìrètí burú ni? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ kì í ra ìwé tí kò tíì lè kà ni?" Òótọ́ ni, ìrètí kò burú. Ṣùgbọ́n ìwé lè dúró de akẹ́kọ̀ọ́ lórí pẹpẹ fún ọdún mẹ́wàá, bíárín kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ni a fi ń mọ ìrètí tí ó jẹ́ òótọ́. Bí ó bá jẹ́ pé lóṣooṣù ni àkókò tí ó ń lò lórí àpáta ń pọ̀ sí i, kí ó ra ohun tí àpáta fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń dín kù láti ọdún mẹ́ta wá, kí ó gbà bẹ́ẹ̀, kí ó má sì tìtorí rẹ̀ banújẹ́. Àwọn ọmọ tí ó gbà á lákòókò kì í ṣe òfò.

Èkejì: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ohun tí a ní tí a kò lè tọ́jú, àárín ọwọ́ wa àti ọwọ́ oníṣẹ́ ni ó wà. Ìdajì rẹ̀ ni a ní. Oníṣọ́ọ̀kì kan náà ń fẹ́ ìtọ́jú, fọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fẹ́ ọ́ìlì, ṣéènì rẹ̀ ń fẹ́ ìfọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ àti ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀ lè rí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ̀kẹta: kí ni owó àti àkókò tí ó ṣẹ́ kù yóò ṣe? Bí ó bá ra èyí tí kò wọ́n tó ti àtijọ́, tí ó wá fi èyí tí ó ṣẹ́ kù ra aṣọ kẹ̀kẹ́ àti jígí olówó ńlá, ibi tí fáàrí jókòó sí nìkan ni ó yí padà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa ìnákúnàá, a kò ní tún un sọ níbí. A kàn fẹ́ kí a rántí pé kò mọ sí ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ó kan àkókò àti ọkàn pẹ̀lú.

FÁÀRÍ MÉJÌ NI Ó WÀ

Fáàrí ohun tí a ní wà, gbogbo ayé sì mọ ọ́n. Fáàrí ohun tí a kò ní tún wà, ìyẹn sì ṣòro láti rí. Ẹni tí ó ra oníṣọ́ọ̀kì kan tán, tí kò wá jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sinmi, tí ó ń sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé òun ni òun mọ kẹ̀kẹ́ gùn, kí ni ó fi sàn ju ẹni tí ń fi ṣọ́ọ̀kì méjì yangàn lọ? Ìnira lásán kì í ṣe ìwà rere. Arábìnrin tí ẹ̀yìn ń dùn, tí dókítà sì ti kìlọ̀ fún, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ọ̀lẹ wò ó bí ó bá yan ohun tí yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀dọ́ tí ó jẹ́ pé orí àpáta gan-an ni ó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílò ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, kì í ṣe àṣejù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí ìtẹ́ kan tí ó gba gbogbo eku.

Àwọn àgbà wa nílé lè rẹ́rìn-ín sí gbogbo èyí. Wọ́n á ní àwọn gun Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham, wọ́n di ẹrù lé e lẹ́yìn, wọ́n gbà á kọjá lórí gbòǹgbò àti kòtò, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì fún wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò yàn án. Òun ni ó wà. Ìdánwò tiwa yàtọ̀, nítorí pé ọjà tiwa kún, a sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ó ti sọ pé ó tó.

KẸ̀KẸ́ ÀTIJỌ́ ŃKỌ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í rò ó mọ́ ọn. Ẹni tí ó fẹ́ ra hardtail á fẹ́ ta èyí tí ó wà nílé kí ó lè fi owó rẹ̀ kún un. Bí a bá fọ kẹ̀kẹ́ náà mọ́, tí a nu ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, tí a sì fi ọ́ìlì sí oríkèé rẹ̀, kò ní ké fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó wá rà á lè gùn ún yí àdúgbò ká, kó má mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà á gbọ́ igbe rẹ̀, á sì wá mọ̀ pé iye tí òun yóò fi tún un ṣe kò kéré.

Àlébù ọjà tí ẹni tí ń tà mọ̀, dandan ni kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí ń rà. Kò sí Mùsùlùmí kan tí èyí ṣe àjèjì sí. Kí ó sọ pé, "Bíárín rẹ̀ ti jẹ, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ń jò, ìdí nìyí tí mo fi ń tà á, iye báyìí ni mo sì yọ kúrò nítorí rẹ̀." Owó tí yóò wọlé lè dín. Ó lè jẹ́ pé owó tí ó dín yẹn ni kò ní jẹ́ kí ó lè ra èyí tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ lóṣù yìí, kí ó ní láti dúró di oṣù kẹta. Kí ó dúró. Ẹni tí ó ní òun fẹ́ ohun tí ó mọ níwọ̀n, tí ó wá fi irọ́ ra á, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìdáhùn wa nìyí: kì í ṣe ìfàsẹ́yìn kí ènìyàn fi méjì pààrọ̀ ẹyọ kan, bí ẹyọ kan náà bá bá ọ̀nà tí ó ń gbà mu, bí ó bá lè tọ́jú rẹ̀, tí kò sì fi àlébù ti àtijọ́ di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí. Bí ó bá sì jẹ́ pé méjì ni ọ̀nà rẹ̀ ń fẹ́, kí ó ra méjì, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀. Kí kálukú wa wo ohun tí ó wà nílé rẹ̀ lónìí, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́, ìbáà ṣe fóònù tàbí aṣọ, kí ó fi ìbéèrè mẹ́ta yìí yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tí a ó fi rí ohun tí ó tó wa, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí i. Àmín.