Ọ̀wọ̀ àti Ìgbọ́ràn: Ta Ni Yóò Yan Iṣẹ́ Fún Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí, nítorí ó kan ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ nínú yín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa, ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì, tọ̀ wá wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan. Wọ́n ti pe ọkùnrin kan tí ń kọ eré fún tẹlifíṣọ̀n wá bá wọn sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ náà ni ọkàn ọmọ náà kò sì ti balẹ̀ mọ́. Baba rẹ̀ ti fi oko kòkó dógò kí ó lè rí owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ san. Ó wí fún wa pé, “Baba, bí mo bá fi ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀ láti máa kọ eré, ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀ sí Ọlọ́run?”

A kò jẹ́ kí ó pẹ́ tí a fi dá a lóhùn. A rán an létí òfin karùn-ún, a sì ní kí ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ tán, ọkàn wa bẹ̀rẹ̀ sí dá wa lẹ́bi. Kò bi wá bóyá ó yẹ kí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún òbí. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé, ǹjẹ́ ọ̀wọ̀ àti ìgbọ́ràn ha jẹ́ ohun kan náà fún ọmọ tí ó ti dàgbà?

Ìtàn Dúró Ládiípọ̀ wá sí wa lọ́kàn. Ọmọ kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1961 ó ṣe orin Àjíǹde kan ní Òṣogbo, ó fi ìlù ilẹ̀ wa sí i, inú àwọn kan nínú ìjọ kò sì dùn rárá. Kò tìtorí èyí fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1964 ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé eré Ọba Kò So lọ sí Berlin. Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, sì mú eré rẹ̀ dé ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lónìí, irú ìlù tí wọ́n bá a wí lé lórí ni a fi ń yin Ọlọ́run nínú ìsìn wa.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìfẹ́ ọkàn ni ìpè. Òtítọ́ ni pé ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wu ni lánàá lè sú ni lọ́la, òkìkí sì máa ń jọ ìpè lójú ọ̀dọ́.

Nítorí náà a ránṣẹ́ pe ọmọ náà, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì wá, a sì bi í ní ohun mẹ́ta. A kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó rántí nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Ó ní ọkùnrin náà sọ pé kò sí ẹni tí ó dá òun mọ̀ lójú pópó, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni òun tún ìwé eré kan kọ kí wọ́n tó gbà á. Bí ó bá jẹ́ òkìkí ni ó fa ọmọ náà, kì bá tí rántí èyí. A bi í bóyá òun náà ti kọ nǹkan kan. Ó fa ìwé méjì tí ó kọ kún yọ. Níkẹyìn a bi í pé, “Oko baba rẹ ńkọ́?” Ó dákẹ́, omi sì lé sí i lójú.

Èrò wa ni pé òbí kò ní ẹ̀tọ́ láti fi owó ẹ̀kọ́ ra ọjọ́ ayé ọmọ rẹ̀. Ọmọ pẹ̀lú kò sì ní ẹ̀tọ́ láti di gbèsè ìpè tirẹ̀ lé baba rẹ̀ lórí. Ọmọ lè sọ pé òun kò fẹ́ iṣẹ́ tí baba yàn, kí ó má sì kẹ́gàn baba. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni kí ó ti sọ ọ́, kí ó sì mọ̀ pé òun ni yóò gba oko náà padà.

A bá a lọ sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Baba náà gbọ́ ọ tán. Kò bínú, kò sì gbà. Ó ní kí a fún òun ní àyè. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, kò tíì dáhùn, ọmọ náà sì ń lọ sí kíláàsì rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ yín wá, ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ má ṣe yára dáhùn bí àwa ti ṣe.