Ẹ̀bẹ̀ Ẹni tí a Mú



Olúwa wa sọ ti opó tí kò yéé tọ adájọ́ lọ títí a fi gbọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọba Èṣùgbàyí Elékòó ṣe. Ní 1925 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ó bẹ ilé ẹjọ́ pé kí ìjọba wá sọ òfin tí wọ́n fi mú òun. Adájọ́ kan kọ̀. Ó tọ òmíràn lọ. Ní 1928 ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé adájọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Ní 1931 ó padà sí Èkó.

Bí ẹ bá ní ará l'ẹ́wọ̀n Oǹdó tàbí Òkìtìpupa, tí a kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nítorí ìtìjú. Iṣẹ́ àánú ni bíbẹ̀ ẹ́ wò. Wíwá agbẹjọ́rò fún un, àánú ni pẹ̀lú.