Ìkòkò, Àpáàdì àti Iyì Ọmọ Ènìyàn

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àwùjọ kan kà sí iyì, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ń fi ìkòkò ṣe, kí a sì wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí i nígbà tí ó bá fọ́. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ń fi ìkòkò idẹ se ẹran àti omi ìwẹ̀. Ìkòkò yìí kan náà ni ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá borí nínú eré ìdíje, òun náà sì ni wọ́n ń gbé lọ fún àwọn òrìṣà wọn ní Delphi àti Olympia.

Amọ̀ ni tiwa. Àmù ń tọ́jú omi, ìṣaasùn ń se ọbẹ̀, ìkòkò àgbo wà fún aláìsàn àti ọmọ tuntun, inú ìkòkò aró sì ni àdìrẹ Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ti ń mu èlú. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, ìkòkò amọ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi yọ́ gíláàsì tí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Leo Frobenius rí àfọ́kù wọn ní 1910. Ìwádìí ọ̀rúndún yìí sì ti fi hàn pé Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe gíláàsì náà.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ajere ni ó ń mú mi ronú jù. Amọ̀kòkò mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sí i lára ni. Ohun tí a ó pè ní àbùkù lára àmù, òun gan-an ni ajere fi ń ṣiṣẹ́. Aláró náà a máa lu ìdí ìkòkò kí omi eérú lè ro sínú èkejì.

Bí ìkòkò bá wá fọ́ ńkọ́? Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Òun ni a fi ń bu ẹyín iná láti ilé dé ilé. Ní Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀, níbi tí Frank Willett ti wa ilẹ̀ ní 1957, àpáàdì tí a tò lóòró ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀. Ìtàn ẹnu sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tí ó jọba, ni ó pàṣẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fà yọ ni pé kò sí ẹni tí kò wúlò. Ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ nínú rẹ̀. Ní Ṣáṣá tí mò ń gbé, ní Alímọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, tí wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà. A máa ń gbọ́ pé, "Màmá ṣì wúlò o, àwọn ni wọ́n ń bá wa wo ọmọ." Ìyìn ni wọ́n pè é. Lọ́jọ́ tí Màmá kò bá lè gbé ọmọ mọ́, kí ni a ó wá fi yìn wọ́n?

Amọ̀kòkò mọ ìkòkò nítorí ìlò. Ìlò ni ó sì fún un níyì. Ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ kí a wá àyè fún ẹni tí agbára rẹ̀ ti dín kù, bí a ti wá àyè fún àpáàdì. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́, kí ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà kò béèrè iṣẹ́ tí òkété ṣì lè ṣe.